Ta Ni Ó Di Èèkù Mú?

Àwọn baba wa a máa pa á ní òwe pé, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀. Òwe ogun ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò mọ sí ojú ogun nìkan. Gbogbo ohun èlò tí ọmọ ènìyàn ṣe ni ó ní èèkù tirẹ̀, èyíinì ni ibi tí olùlò rẹ̀ ń dì mú kí ohun èlò náà tó lè ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ ọkọ́, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni ó ń wá igi, tí ó sì ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ tí yóò bá ọwọ́ àti ìdúró tirẹ̀ mu. Bí ẹ̀rúkọ́ náà bá kán ní ọ̀sán gangan, àgbẹ̀ kò ní í ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ. Yóò wọ inú igbó lọ, yóò sì gé òmíràn. Tirẹ̀ ni ọkọ́ náà ní òtítọ́, nítorí pé ó mọ̀ ọ́n lò, ó mọ̀ ọ́n tún ṣe, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó lè jókòó sí ìlú mìíràn kí ó pàṣẹ pé kí ọkọ́ náà dúró.

Ní òde òní, ohun èlò tí ó yí wa ká ju ọkọ́ àti àdá lọ. Ẹ̀rọ ni a fi ń gbọ́ ìròyìn, ẹ̀rọ ni a fi ń bá ará ilé sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ni a sì fi ń ka ìwé. A ń fi owó ra wọn, a ń gbé wọn sínú àpò, a sì ń pè wọ́n ní tiwa. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ìwọ òǹkàwé mi fi ara balẹ̀, kí o bá mi tọ ipasẹ̀ ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú ìtàn, èyíinì ni rédíò. Bí a bá tọ̀ ọ́ dé ibi tí ó yẹ, a ó mọ ìbéèrè tí ó tọ́ kí olúkúlùkù máa bi ara rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá ra ẹ̀rọ tuntun: ta ni ó di èèkù rẹ̀ mú?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1932, ilé iṣẹ́ BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì káàkiri àgbáyé. Ẹ̀rọ tí ó lè gba ohùn láti irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wọ́n gógó nígbà náà, agbára rẹ̀ kò sì ká púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa. Ní ọdún 1935, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó lẹ́tà àti wáyà dá ọgbọ́n kan ní Èkó. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá kan kalẹ̀ sí ojú kan. Ẹ̀rọ yìí ni ó ń gba ohùn láti òkè òkun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fa wáyà lọ sí ilé gbogbo àwọn tí ó bá ń san owó. Nínú ilé oníkálukú, àpótí kékeré kan ni ohùn náà ń ti inú rẹ̀ jáde. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní ọdún 1939, lẹ́yìn náà ni ó sì dé àwọn ìlú mìíràn bí Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Òde. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Rediffusion. Àwọn ènìyàn wa sì sọ ọ́ di Redifúṣọ̀n.

Jẹ́ kí a ṣe òdodo sí àpótí yìí. Ó wúlò, ó sì rọrùn. Onílé kò ra òkúta bátìrì sí i, kò sì ta wáyà gígùn sí orí òrùlé kí ó tó lè gba ohùn. Ẹni tí kò mọ ìwé lè lò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé ti lè lò ó. Ẹni tí ó ń ro ọkà nínú ilé ń gbọ́ ọ, arúgbó tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ń gbọ́ ọ, àwọn ará àdúgbò tí kò ní irú rẹ̀ ní ilé tiwọn a sì máa dúró sí ìta láti fetí sí i. Ohun tí ìbá ná olówó ní owó gọbọi di ohun tí akọ̀wé àti oníṣòwò kékeré lè máa san owó rẹ̀ ní oṣooṣù.

Ṣùgbọ́n wo ara àpótí náà dáadáa. Kókó kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ tí ọwọ́ onílé lè yí. Kókó yìí a máa mú kí ohùn lọ sókè, a máa mú un wá sílẹ̀, ó sì lè pa á lẹ́nu mọ́. Kò sí èkejì tí a lè yí láti lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn. Ohun tí ẹni tí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ńlá bá yàn ni gbogbo ilé ń gbọ́. Nígbà tí ó bá sì pa ẹ̀rọ rẹ̀, gbogbo ilé a dákẹ́ rọ́rọ́. Onílé lè kọ̀, ṣùgbọ́n kò lè yàn. Ẹni tí a bá gbé ọbẹ̀ kan ṣoṣo ka iwájú lè jẹ ẹ́, ó sì lè fi ebi sùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yan ọbẹ̀ tí ó wù ú?

Ojú àwọn àgbà wa kò fọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá kì í sọ nǹkan ní orúkọ lásán. Wọ́n wo rédíò títí, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ohun tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ìwọ a bá a rojọ́, kò gbọ́. Ìwọ a ta kò ó, kò dúró. Ìwà burúkú ni èyí jẹ́ lára ọmọ ènìyàn ní àárín wa, nítorí pé àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní ọdún 1953, ìtàn fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Ìjọba ti dá ilé iṣẹ́ rédíò tí ó ń ṣe ètò tirẹ̀ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1951. Ní oṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ ní ilé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Gómìnà àgbà, Sir John Macpherson, bọ́ sí orí rédíò, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ náà, béèrè pé kí a fún òun náà ní àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò gbà fún un. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó fèsì nínú ilé ẹlòmíràn wá pinnu láti kọ́ ilé tirẹ̀. Nígbà tí òfin ìlú ọdún 1954 fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ìjọba ẹkùn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifísọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Iṣẹ́ akin ni èyí, ó sì yẹ kí ọmọ Yorùbá máa fi yangàn. Síbẹ̀, kíyè sí ohun kan. Ìjọba kan ni ó gba ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìjọba kejì. Ẹni tí ó wà ní ilé rẹ̀ pẹ̀lú àpótí olókòó kan, kókó kan náà ni ó ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹni tí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ńlá bá tilẹ̀ di ará ilé wa, kò túmọ̀ sí pé èèkù ti bọ́ sí ọwọ́ olùgbọ́.

Bóyá ìwọ òǹkàwé mi yóò wí pé, bí ó bá jẹ́ pé àìsí kókó kejì ni gbogbo ìṣòro náà, kí wọ́n fi kún un, kí ọ̀rọ̀ parí. Ìtàn ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Adolf Hitler di olórí ìjọba ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1933. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n gbé rédíò tuntun kan jáde ní Berlin tí wọ́n pè ní Volksempfänger, èyí tí ó túmọ̀ sí rédíò gbogbo ará ìlú. Nọ́ńbà tí wọ́n fún un ni 301, ní ìrántí ọjọ́ 30 oṣù Kìíní. Owó rẹ̀ jẹ́ máàkì 76, èyí tí ó rọjú púpọ̀ sí ti àwọn rédíò yòókù. Ní ọdún 1938 wọ́n tún ṣe èyí tí ó kéré sí i tí owó rẹ̀ jẹ́ máàkì 35 péré. Ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí ó pọ̀ kò fara sin: wọ́n fẹ́ kí ohùn ìjọba wọ inú gbogbo ilé. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà kí ó lè gba ohùn ilé iṣẹ́ rédíò tí ó wà nítòsí, wọn kò sì fi agbára sí i láti wá ti ọ̀nà jíjìn.

Síbẹ̀, kókó tí a fi ń wá ilé iṣẹ́ rédíò wà lára rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní sùúrù lè gbọ́ ohùn ilẹ̀ mìíràn ní òru. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ní ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìjọba Hitler gbé òfin jáde pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn gbọ́ rédíò ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀wọ̀n ni èrè ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá sì ń tan ohun tí ó gbọ́ kálẹ̀, wọ́n lè pa á. Wọ́n tilẹ̀ ṣe páálí kékeré tí a ń fi kọ́ ara kókó rédíò, láti máa kìlọ̀ fún onílé nígbàkúùgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà pọ́ọ́kú ní owó, ó wúlò, ó sì rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti di ọwọ́ olówó rẹ̀ mú. Kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa: kí ẹ̀rọ kan rọrùn jẹ́ ohun kan, kí ó sì jẹ́ tiwa jẹ́ ohun mìíràn. Ẹni tí ó ń ta ohun kan fún wa ní ọ̀pọ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń rà padà lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ń bẹ pẹ̀lú, nítorí pé òmìnira tí kò bá ayé ènìyàn mu kò lè ṣe é ní àǹfààní. Kí ni àgbẹ̀ tí ó wà ní abúlé tí kò ní iná mànàmáná yóò fi rédíò oníná ṣe? Àwọn àgbà wí pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ni. Bí kò fún ni ní ẹsẹ̀, a máa sò. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Northern Rhodesia, ilẹ̀ tí a ń pè ní Zambia lónìí, rí èyí kedere. Harry Franklin ni orúkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé rédíò tí a ń ṣe fún yàrá olówó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè bá ahéré mu. Ó lọ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan dé òmíràn títí ó fi rí èyí tí ó gbà láti ṣe rédíò oníbátìrì tí owó rẹ̀ kò ní ga. Ní ọdún 1949, rédíò náà jáde ní pọ́n-ùn márùn-ún. Inú irin tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ìsebẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sí, èyí ni ó sì mú kí wọ́n máa pè é ní rédíò oníkòkò. Bátìrì ńlá tí ó ń bá a lọ a máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 300 wákàtí. Ẹni tí ó ronú rẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé, báwo ni olùlò ti ń gbé? Lẹ́yìn èyí ni ó tó bèèrè pé, báwo ni a ó ṣe ṣe ẹ̀rọ?

Ìyípadà tí ó tóbi jù lọ ṣì ń bọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé ìwádìí Bell ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ohun kékeré kan tí a ń pè ní transistor. Àwọn mẹ́ta tí a fún ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ náà ní ọdún 1956 ni John Bardeen, Walter Brattain àti William Shockley. Ṣáájú àkókò yìí, ohun tí ó dà bí gílóòbù iná ni ó wà nínú rédíò. A máa gbóná, a máa fọ́, a sì máa jẹ agbára bátìrì bí iná ti ń jẹ koríko gbígbẹ. Transistor kéré, kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi agbára díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ní ọdún 1954, rédíò kékeré àkọ́kọ́ tí a fi transistor ṣe fún títà, Regency TR-1, jáde ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 49 àti sẹ́ǹtì 95 ni owó rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Sony ní ilẹ̀ Japan gbé tirẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi kún ọjà Èkó àti ti Ìbàdàn.

Wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èèkù nígbà náà. Rédíò bọ́ kúrò lára ògiri, ó jáwọ́ nínú wáyà, ó bá àgbẹ̀ lọ sí oko, ó bá awakọ̀ rin ìrìn àjò, ó sì bá ìyá oníṣòwò jókòó sí ìsọ̀. Kókó kejì, èyí tí a fi ń yan ẹni tí a fẹ́ gbọ́, bọ́ sí àárín ìka mẹ̀kúnnù. Ìdí rédíò náà sì ṣí. Nígbà tí ó bá dákẹ́, oníṣẹ́ rédíò ń bẹ ní ìgboro tí yóò tú u, tí yóò fi òjé jó ibi tí ó já, tí yóò sì dá a padà fún olówó rẹ̀. Nígbà tí agbára òkúta bátìrì bá ń lọ sílẹ̀ tí owó kò sì sí lọ́wọ́, àwọn ènìyàn a máa sá a sí oòrùn kí ó lè tún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí irin tí ó fi ń fa ohùn bá ṣẹ́, wọn a fi wáyà lásán so ó. Èyí ni ẹ̀rúkọ́ tí àgbẹ̀ gbẹ́ fún ara rẹ̀.

Ǹjẹ́ ìwọ rò pé kókó kékeré bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan? Gbọ́ èyí. Ní ọdún 1993, ìjọba ológun fagi lé ìbò tí àwọn ará Nàìjíríà dì ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn pa, wọ́n sì ju àwọn oníròyìn sí àtìmọ́lé ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa Alhaja Kudirat Abíọ́lá ní Èkó, aya Olóyè M. K. O. Abíọ́lá tí a mọ̀ pé ó borí nínú ìbò náà. Ní ọdún 1996 yìí kan náà, àwọn tí ó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ láti òkè òkun lórí rédíò kan tí wọ́n fi orúkọ obìnrin akọni náà pè, Radio Kudirat. Bí ó bá jẹ́ pé àpótí olókòó kan ni ó wà ní ilé àwọn baba rẹ nígbà náà, ohùn ìjọba ológun nìkan ni wọn ìbá gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn rọra yí kókó rédíò oníbátìrì wọn, wọ́n sì gbọ́ ohùn kejì. Nígbà tí ìnira bá dé ni a ń mọ iye tí èèkù tó.

Nísinsin yìí, gbé ojú rẹ kúrò lára rédíò, kí o wo fóònù tí ó wà ní ọwọ́ rẹ tàbí ní ọwọ́ àwọn òbí rẹ. Ní ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí mẹ̀kúnnù lè rà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2003, ilé iṣẹ́ Nokia gbé èyí tí ó ń jẹ́ 1100 jáde. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì sí orí rẹ̀ fún ilẹ̀ tí iná kì í dúró; wọ́n bo ojú bọ́tìnnì rẹ̀ kí eruku má ba à wọlé; ìdí rẹ̀ sì ṣí, tí ó fi jẹ́ pé ọmọdé lè yọ bátìrì rẹ̀ kí ó fi òmíràn sí i. Ó ju mílíọ̀nù 250 lọ tí wọ́n tà nínú rẹ̀ káàkiri ayé. Ọmọ ìyá rédíò oníkòkò ni.

Àwọn fóònù tí ó tẹ̀ lé e gbọ́n jù ú lọ jìnnà, wọ́n sì lè ṣe ohun tí àwọn baba ńlá wa ìbá pè ní idán. Ṣùgbọ́n a fi lẹ́ẹ̀mù lẹ ìdí ọ̀pọ̀ wọn pa, bátìrì wọn kò sì ṣeé fi ọwọ́ lásán yọ. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, okùn kan wà tí ojú kò rí, tí ó so ó mọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ní oṣù Keje ọdún 2009, àwọn kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti fi owó ra ìwé 1984 àti Animal Farm, tí George Orwell kọ, sínú ẹ̀rọ ìkàwé Kindle, wá ìwé wọn, wọn kò rí i mọ́. Ẹni tí ó gbé ìwé náà sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Nítorí náà Amazon na ọwọ́ láti ọ̀nà jíjìn, ó yọ ìwé náà kúrò nínú ẹ̀rọ àwọn ènìyàn, ó sì dá owó wọn padà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì. Kíyè sí i pé kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí, owó sì padà. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni ẹni tí ó tà wá ní ìwé lè wọ inú yàrá wa ní òru láti mú un? Redifúṣọ̀n ti padà wá. Wáyà rẹ̀ nìkan ni a kò rí mọ́.

Ẹni tí ó bá ń wá òtítọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ pẹ̀lú. Wọn a máa wí pé dídí tí àwọn ń dí ìdí ẹ̀rọ pa ni ó jẹ́ kí ó fẹ́lẹ́, tí omi kò sì tètè wọ inú rẹ̀. Wọn a tún máa wí pé okùn tí ojú kò rí yẹn ni àwọn fi ń rán àtúnṣe sí ẹ̀rọ kí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ má ba à jí nǹkan inú rẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ ti wà nínú ìrọ̀rùn Redifúṣọ̀n. Ṣùgbọ́n adájọ́ rere a máa wo ohun tí a gbà àti ohun tí a fi sílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó para pọ̀ ti wo ìwọ̀n náà. Nínú òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023, wọ́n pinnu pé láti ọdún 2027, kí a máa ṣe àwọn ẹ̀rọ kékeré lọ́nà tí olùlò fi lè yọ bátìrì wọn fúnra rẹ̀, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Èyí fi hàn pé ẹ̀rọ kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run bí ó ti rí. Ènìyàn ni ó pinnu bí ó ti rí, ènìyàn sì lè pinnu bí ó ṣe yẹ kí ó rí.

Kí ni kí ìwọ wá ṣe? Èmi kò ní kí o kọ ẹ̀rọ sílẹ̀, kí o padà sí ayé àtùpà elépo. Ohun tí mo ń wí ni pé, kí o tó ra ohun èlò, bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: ǹjẹ́ ó bá bí mo ti ń gbé mu, pẹ̀lú iná wa, eruku wa àti owó wa, àbí ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni? Èkejì: bí ó bá bàjẹ́, ǹjẹ́ èmi tàbí oníṣẹ́ àdúgbò mi lè tú u, kí a sì tún un ṣe? Ẹ̀kẹta: ta ni ó tún lè ti òkèèrè pàṣẹ fún un lẹ́yìn tí mo ti san owó mi? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, tí ó sì jẹ́ pé dandan ni kí o rà á, ó kéré tán, ìwọ mọ̀ pé èèkù kò sí ní ọwọ́ rẹ pátápátá, ìwọ yóò sì máa ṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù, òun ni ó sì wúwo jù. Èèkù tí ó bọ́ sí ọwọ́ òmùgọ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò gé. Ní ọdún 1993, àwọn kan dá ilé iṣẹ́ rédíò kan tí a ń pè ní RTLM sílẹ̀ ní ilẹ̀ Rwanda. Orin dídùn àti àwàdà ni ó fi fa ènìyàn mọ́ra. Nígbà tí ó di ọdún 1994, ó ń ru àwọn olùgbọ́ rẹ̀ sókè láti pa àwọn Tutsi tí í ṣe aládùúgbò wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó sì kú ní ìpakúpa ọdún náà. Ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tí Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ dá àwọn méjì nínú àwọn tí ó dá rédíò náà sílẹ̀ lẹ́bi. Àwọn olùgbọ́ wọn kò gbọ́ ọ nípasẹ̀ àpótí olókòó kan. Rédíò oníbátìrì tí kókó méjèèjì wà lára rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mú dání. Wọ́n lè yí i kúrò, wọ́n sì lè pa á. Ọ̀pọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ òǹkàwé mi, bí àwọn tí ó ṣáájú rẹ ti làkàkà kí kókó tí a fi ń yan ohùn lè bọ́ sí ọwọ́ rẹ, má ṣe jẹ́ kí ó dípẹtà nítorí ọ̀lẹ, má sì ṣe yí i síbi ìríra nítorí pé ẹlẹgbẹ́ rẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́ bí a ti ń tú ohun èlò rẹ àti bí a ti ń dì í. Gbọ́ tẹnu ẹni méjì kí o tó dá ẹjọ́. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti pa ẹ̀rọ, kí o jókòó ti ìwé rẹ, pa á. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ọwọ́ kan náà ni a sì fi ń di èèkù mú.